Ó Ha Yẹ Kí Olùṣọ́-Àgùntàn Sinmi Bí?

Ìwọ òǹkàwé mi, jẹ́ kí a jọ ro ọ̀ràn kan. Fi ojú inú wo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan. Ìwàásù ti parí, àlùfáà ìjọ sì dúró níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sọ fún wọn pé òun yóò fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn, kò bá ẹnikẹ́ni jà, àwọn olórí ìjọ kò sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ó ní ọdún kẹwàá nìyí tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, pé àárẹ̀ ti mú ọkàn òun, àti pé òun fẹ́ lọ sí ibi tí òun yóò ti lè dákẹ́, kí òun gbàdúrà, kí òun kàwé, kí òun sùn, kí òun sì padà wá pẹ̀lú agbára tuntun. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan dìde láti orí ìjókòó iwájú, ó kúnlẹ̀, ó sì wí pé, "Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jọ́ bá dé bá mi nínú oṣù mẹ́ta yìí, ta ni yóò gbàdúrà sí mi létí, ta ni yóò sì sin mí?"

Ìbéèrè ìyá yìí kì í ṣe ìbéèrè òpè. Bí o bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìwọ yóò rí i pé ọ̀ràn ńlá ni ó wà nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹni tí àwọn ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀ lé ní ẹ̀tọ́ láti sinmi? Bí ó bá ní ẹ̀tọ́ náà, kí ni yóò ti rí fún àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e? Ọ̀ràn náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà nìkan. Ó kan olùkọ́ tí ń kọ́ ọ, ó kan nọ́ọ̀sì tí ń ṣọ́ aláìsàn lóru, ó kan ìyá tí ó bí ọ, yóò sì kan ìwọ náà ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú rẹ. Àlùfáà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé lára rẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti hàn gbangba jù lọ.

Àwọn tí wọ́n sọ pé kò yẹ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì tọ́ kí a gbọ́ tiwọn tán. Àwọn baba wa kórìíra ọ̀lẹ. Wọ́n ní iṣẹ́ kì í pani. Wọ́n ní ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Wọ́n tún ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà bá wá kúrò lọ́jà ńkọ́? Ikú kì í gba ìsinmi. Àrùn kì í dúró de oṣù mẹ́ta. Tọkọtaya tí ń jà lónìí lè ti tú ká kí olùlàjà wọn tó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ń bá ẹgbẹ́ búburú rìn lè ti dé ẹ̀wọ̀n kí ẹni tí ì bá fà á padà tó ti ìrìn-àjò dé. Èyí tí ó sì wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ wọn nìyí: obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ ní òwúrọ̀, tí ń ta ẹ̀wà ní ọ̀sán, tí ó sì ń mú nínú èrè kékeré náà wá sínú àwo ọrẹ, òun kò sinmi láti ọjọ́ tí ó ti bí àkọ́bí rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí kò rí ìsinmi máa san owó ìsinmi fún ẹlòmíràn? Má ṣe yára fi ẹ̀rín dáhùn ìbéèrè yìí. Èmi yóò padà sí orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó dájọ́, ó yẹ kí a mọ irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà jẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ro oko láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí ó ṣe òun. Ẹ̀yìn ń dùn ún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Bí ó bá wẹ̀, tí ó jẹun, tí ó sì sùn, ilẹ̀ yóò mọ́, agbára yóò sì padà. Àárẹ̀ ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀. Àlùfáà lè sin ọmọ ọdún mẹ́ta ní òwúrọ̀, kí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ sunkún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ó gbọ́dọ̀ so ọkọ àti aya pọ̀, kí ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò jókòó láàrin àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n ń bínú sí ara wọn nítorí owó òrùlé. Ní òru, a ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ẹnì kan ń kú lọ. Omijé òwúrọ̀ kò tíì gbẹ tí ó fi ní láti yọ̀ ní ọ̀sán. Àṣírí ìlú wà ní ikùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí òun náà lè sọ tirẹ̀ fún.

Wo àtùpà elépo. Níwọ̀n ìgbà tí epo bá wà nínú rẹ̀, epo ni ó ń jó. Òwú kàn ń gbé iná dúró ni. Bí epo bá tán, iná náà kì í kú lójú ẹsẹ̀. Òwú fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹni tí ó wà lókèèrè yóò ṣì máa rí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó sún mọ́ ọn ni yóò gbóòórùn èéfín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ń rí fún òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ọkàn rẹ̀ ti gbẹ. Ó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Opó ń sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n aago ni ó ń wò. Ìwàásù ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ó tún ń wà, ohùn rẹ̀ sì ń le sí i bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dín kù. Ìjọ kò mọ̀, wọ́n ní, "Bàbá wa kò mọ àárẹ̀." Ṣùgbọ́n aya rẹ̀ mọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n sún mọ́ èéfín náà. Ewu ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá báyìí, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ ìgbà tí epo tán. Nígbà náà, olùṣọ́ wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ọmọ tuntun ń wọ́ lójú rẹ̀.

Bí o bá ka ìtàn wòlíì Èlíjà nínú Bíbélì, ìwọ yóò rí i pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti ṣẹ́gun lórí òkè Kámẹ́lì níwájú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Jésébẹ́lì halẹ̀ mọ́ ọn, ó sá lọ sínú aginjù, ó jókòó sí abẹ́ igi kan, ó sì tọrọ ikú. Kíyè sí ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kò kọ́kọ́ bá a wí. Kò pè é ní ọ̀lẹ tàbí ojo. Ó jẹ́ kí ó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó sì tún jẹ́ kí ó sùn lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó tún jẹun ni ó tó rin ìrìn ogójì ọjọ́ dé òkè Hórébù, níbi tí ó ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohun méjì ni ó sì gbọ́ níbẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Èkíní, ó ń rò pé òun nìkan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù. A sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún méje mìíràn wà. Èkejì, a sọ fún un pé kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì fi òróró yan Èlíṣà tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí àárẹ̀ bá mú máa ń rò pé òun nìkan ni. Oorun àti oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ ṣí Èlíjà ní ojú tí ó fi lè gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

A tún rí i nínú òfin àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé ọdún mẹ́fà ni kí a fi gbin ilẹ̀, ní ọdún keje kí a jẹ́ kí ó sinmi. A kò gbọdọ̀ fún irúgbìn, a kò gbọdọ̀ tọ́jú ọgbà àjàrà. Ohun tí ó bá hù fúnra rẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀ àti ti ìránṣẹ́ rẹ̀, ti àlejò àti ti tálákà, títí kan ẹranko pẹ̀lú. Láti ara ọ̀rọ̀ tí àwọn Júù ń lò fún ìsinmi yìí ni àwọn Òyìnbó ti mú orúkọ tí wọ́n fún irú ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tí à ń sọ. Àwọn baba wa tí wọn kò ka ìwé náà mọ òfin yìí ní oko. Bí wọ́n bá ti gbin iṣu àti àgbàdo sí ilẹ̀ kan fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n sì rí i pé iṣu ń kéré sí i, wọn yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó tún di igbó. Àlejò tí ó bá ń kọjá lè sọ pé ilẹ̀ náà ń ṣòfò. Kò ṣòfò rárá. Ewé ń jábọ́, ó ń jẹrà, ilẹ̀ sì ń sanra ní ìkọ̀kọ̀.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti gba ọgbọ́n yìí lò. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ní 1880. Ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa náà, olùkọ́ àgbà tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà lè gba ọdún kan kúrò nínú kíláàsì. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ilẹ̀ Britain pẹ̀lú ti fi í sínú ìlànà wọn pé kí àlùfáà gba oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ní ọdún méje-méje. Àwọn tí wọ́n ṣe ìlànà wọ̀nyí mọ̀ pé ọkàn ènìyàn dà bí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlànà kò tó láti mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn. Jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ọ. Ní 1836, a fi Robert Murray M'Cheyne jẹ àlùfáà ìjọ St. Peter ní ìlú Dundee ní ilẹ̀ Scotland. Ẹni ọdún 23 ni. Ìlú náà kún fún ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, fún èéfín, fún òtòṣì àti àrùn, àwọn tí wọ́n sì ń wá sí ìjọ rẹ̀ tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Kò dá ara rẹ̀ sí. Ó ń wọ ilé àwọn aláìsàn, ó ń wàásù, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù ju bí ó ti yẹ lọ. Ní òpin 1838 ó di dandan fún un láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Edinburgh láti sinmi. Ní 1839, ìjọ Scotland ń rán àwọn àlùfáà kan lọ sí Palẹ́stínì láti wo bí nǹkan ti rí fún àwọn Júù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé ìrìn-àjò náà yóò ṣe ara rẹ̀ ní rere, wọ́n sì fi í kún wọn.

Ta ni yóò dúró ní ipò rẹ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 24 kan ni, William Chalmers Burns. M'Cheyne kọ ìwé sí i, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé àdúrà òun ni kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ Burns láàrin àwọn ènìyàn náà ju bí ó ti bùkún iṣẹ́ tòun lọ. Ó rọrùn láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni kí àdúrà náà gbà.

Ó sì gbà. Láàrin oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ 1839, ní àkókò tí M'Cheyne dùbúlẹ̀ àìsàn bí ẹni tí yóò kú ní ẹ̀bá ìlú Smyrna, tí à ń pè ní Izmir lónìí, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ìwàásù Burns. Ní Kilsyth ni ó ti bẹ̀rẹ̀; láìpẹ́ ó dé Dundee, inú ìjọ M'Cheyne gan-an. Alẹ́ lẹ́yìn alẹ́ ni ilé ìsìn ń kún. Ohun tí ó ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ tí ó ti dé ìlú náà wá dé, kò sì sí nílé. Nígbà tí ó fi padà ní oṣù Kọkànlá, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn ni ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìwọ òǹkàwé mi, bí ó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́? Bí o bá fi kíláàsì rẹ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí àwọn ọmọ náà sì yege ju ti ìgbà tìrẹ lọ, ǹjẹ́ ìwọ yóò yọ̀? M'Cheyne yọ̀. Kò bu iṣẹ́ Burns kù, kò sì bi àwọn ènìyàn rẹ̀ léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ó bá wọn yọ ayọ̀ tí wọ́n ń yọ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kí o má bàa rò pé ọkùnrin tí ó mọ ìsinmi ni ọkùnrin tí ń sá fún ìnira, gbọ́ bí ayé rẹ̀ ti parí: ní 1843, ibà burúkú kan tí ń ràn bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n wò, ó kó àrùn náà, ó sì kú. Ẹni ọdún 29 ni.

Nínú ìtàn yìí ni a ti rí gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Ìbẹ̀rù méjì ni ó máa ń dá olùṣọ́ dúró láti má lè sinmi. Èkíní ni pé bí òun bá lọ, nǹkan yóò bàjẹ́. Ìbẹ̀rù yìí ní ọlá, nítorí ìfẹ́ ni ó bí i. Èkejì a kì í sọ ọ́ jáde: pé bí òun bá lọ, nǹkan lè má bàjẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò kọrin bí ti àtẹ̀yìnwá, wọn yóò gbàdúrà bí ti àtẹ̀yìnwá, bóyá wọn yóò tilẹ̀ ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì wá mọ̀ pé òun kọ́ ni òpó tí ó gbé ilé náà ró. Ẹni tí ìbẹ̀rù kejì yìí bá dè mọ́lẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ fún Ọlọ́run mọ́. Ó ti sọ àgùntàn oní-àgùntàn di tirẹ̀. Nítorí náà mo wí pé ìsinmi tòótọ́ jẹ́ ìjẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀pá olùṣọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ń fi ìṣe rẹ̀ sọ pé, "Agbo yìí ní olówó, èmi kọ́."

Kì í ṣe ní ilẹ̀ Scotland nìkan ni a ti rí irú ẹ̀rí yìí. Ní 1853, David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna wá gbé ní Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjọ ní Kúdẹtì. Kò pé ọdún mẹ́rin tí àìsàn fi mú kí wọ́n padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gbádùn ara wọn. Ní 1858 wọ́n tún padà wá. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìsinmi kò ṣeé ṣe mọ́, ebi sì pa wọ́n títí wọ́n fi ń ta nǹkan ilé wọn jẹ. Ní 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Anna kú ní 1870. Ǹjẹ́ ìjọ Kúdẹtì tú ká? Kò tú ká. Daniel Olúbí, tí ó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà èwe rẹ̀, ni ó di olórí iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa mìíràn, ìjọ náà sì wà títí di òní. Bí àwọn Hinderer bá ti pa gbogbo iṣẹ́ mọ́ ọwọ́ ara wọn nìkan, kò ní sí Olúbí kankan tí yóò gbà á. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Síbẹ̀síbẹ̀, má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní ìsinmi ni ìsinmi. Àmì mẹ́ta ni a fi ń mọ èyí tí ó tọ́. Àmì kìíní ni pé a fi iṣẹ́ lé ẹnì kan lọ́wọ́ kí a tó lọ. Ẹni tí ó sá lọ kì í fi iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí ó lọ sinmi ti tọ́ ẹlòmíràn dàgbà, ó ti fi àwọn aláìsàn hàn án, ó ti fi opó lé e lọ́wọ́ ní orúkọ-orúkọ. Àmì kejì ni pé ìsinmi náà jẹ́ ìsinmi lóòótọ́. Àlùfáà tí ó fi oṣù mẹ́ta wàásù kiri láti gba owó níbòmíràn, tàbí tí ó fi í ṣe òwò, kò sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ dání, tí ó sì ń parí gbogbo ìjà ìjọ láti ọ̀nà jíjìn, kò tíì kúrò nílé. Àmì kẹta ni pé a padà. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ìsinmi tí kò ní ìpadàbọ̀ jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ iṣẹ́, ó sì yẹ kí a pe é bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ohun kan kún un kí àmì wọ̀nyí má bàa di odi tí a ó sé mọ́ ìfẹ́. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì ti ẹnu iṣẹ́ dé, tí wọn kò tilẹ̀ ráyè jẹun, Jésù ni ó pè wọ́n lọ sí ibi tí ó dá, kí wọ́n lè sinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré yí gba ọ̀nà ilẹ̀, wọ́n sì ti dúró dè wọ́n níbẹ̀. Jésù kò lé wọn. Àánú wọn ṣe é. Kíyè sí i pé ẹni tí ó pàṣẹ ìsinmi náà ni ó dìde láti kọ́ àwọn ènìyàn. Ẹni tí ó ń sinmi láti lè nífẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ fi ìsinmi pa ìfẹ́.

Nísinsìnyí, mo padà sí ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ. Bí àlùfáà bá lọ sinmi lórí owó ọrẹ rẹ̀, tí ó dé, tí ó sanra, tí kò sì bèèrè bóyá òun náà rí ìsinmi, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Òfin ọjọ́ keje kò sọ pé kí àlùfáà nìkan sinmi. Ó dárúkọ ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin, ó dárúkọ àlejò, ó dárúkọ màlúù pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti tọ́ ìsinmi wò di gbèsè rẹ̀ fún àwọn tí kò rí i. Kí ó wo ilé ìdáná rẹ̀ ná: ọmọbìnrin tí ń dáná fún un, ìgbà wo ni ó sinmi? Aya rẹ̀ ńkọ́? Kí ó sọ fún àwọn ọ̀gá iṣẹ́ tí ń jókòó ní iwájú ilé ìsìn pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ara bí tiwọn. Kí ó sì bá ìjọ ṣètò kí àwọn ọ̀dọ́ máa ran obìnrin náà lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀. Ìsinmi tí kò bá tàn dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, àǹfààní ọlọ́lá lásán ni. Àǹfààní irú bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mú kí tálákà kórìíra ìsìn.

Ìjọ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń yin àlùfáà wọn pé kì í sinmi ń fi ìyìn pa á ni. Kí wọ́n gbé ẹrù tí ó ṣeé gbé kúrò lórí rẹ̀. Jẹ́tírò, baba aya Mósè, rí Mósè tí ó jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí ń dá ẹjọ́. Ó sọ fún un gbangba pé ohun tí ó ń ṣe kò dára, pé àárẹ̀ yóò mú òun àti àwọn ènìyàn náà pẹ̀lú, kí ó sì yan àwọn ènìyàn rere tí yóò bá a gbé e. Mósè gbọ́ràn. Kì í ṣe gbogbo olórí ni ó ní irú àna bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo olórí ni ó ní irú etí bẹ́ẹ̀.

Kí ni a ó wá wí fún ìyá arúgbó tí ó kúnlẹ̀? Bí èmi bá ni àlùfáà náà, n kò ní fi ẹ̀rín dá a lóhùn, n kò sì ní sọ fún un pé kò ní kú. Èmi yóò sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi yóò gbé e dìde, èmi yóò sì wí pé, "Ìyá wa, ìbéèrè yín tọ́. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹni tí mo fi yín lé lọ́wọ́ yóò gbàdúrà sí yín létí, gbogbo ìjọ yìí ni yóò sì sin yín, nítorí pé ti ìjọ ni yín, ẹ kì í ṣe ti èmi nìkan. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró bí mo ti wà yìí, èmi lè wà ní ẹ̀gbẹ́ yín lọ́jọ́ náà kí n má sì ní ọ̀rọ̀ kan láti fi tù yín nínú."

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó fi ènìyàn lé ìwọ náà lọ́wọ́, yálà ní kíláàsì, ní ilé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì, tàbí nínú ilé tìrẹ. Má ṣe jẹ́ ọ̀lẹ. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní ohun tí yóò sinmi kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe gbéraga débi tí ìwọ yóò fi rò pé ayé yóò dúró bí o bá sùn. Tọ́ ẹni tí yóò gba ipò rẹ kí àárẹ̀ tó mú ọ. Bí àkókò bá tó, fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, lọ bu epo sí àtùpà rẹ, kí o sì padà. Bí o bá dé tí o bá a pé iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú láìsí ìwọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí o sì mú ọkọ́ rẹ.